Bí SQLite Bá Ní Ọwọ́ Òun Dí: Ìfiwéra Ọ̀nà Ìdúró àti Ọ̀nà Àtúngbìyànjú nínú Python

Ẹni tí ó bá fi Python kọ ètò tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú SQLite, tí ètò tí ń lo fáìlì náà sì ti ju ẹyọ kan lọ, kò ní pẹ́ kí ó tó bá ìlà yìí pàdé: `sqlite3.OperationalError: database is locked`. Ohun tí ìlà náà ń sọ ni pé ètò mìíràn ti gba àyè ìkọ̀wé dátábéèsì náà, àti pé ètò tiyín dúró títí àkókò rẹ̀ fi pé láìrí ọ̀nà wọlé. SQLITE_BUSY ni SQLite fúnra rẹ̀ ń pe àṣìṣe yìí, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 5. Ní kúkúrú, ó ní ọwọ́ òun dí. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá ti rí i, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn ni láti kọ lúùpù tí yóò máa tún iṣẹ́ náà ṣe títí yóò fi gbà. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ojú mi sì rí màbo. Mo fẹ́ fi àwọn ọ̀nà tí ó wà wé ara wọn níhìn-ín, nítorí pé dídúró àti títún-ṣe kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì lè rí i kí àṣìṣe náà pòórá lójú rẹ̀, nígbà tí ìṣirò inú dátábéèsì ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń dí

SQLite, tí D. Richard Hipp gbé jáde ní ọdún 2000, kì í ṣe ètò tí ó jókòó síbì kan tí àwọn yòókù ń ránṣẹ́ sí, bí PostgreSQL ti rí. Fáìlì lásán ni. Ètò kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣí i fúnra rẹ̀, títì tí wọ́n ń ti fáìlì náà sì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó kàn. Ètò púpọ̀ lè máa kà á lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ó lè máa kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ní ipò àtijọ́, ètò tí ń kọ nǹkan gbọ́dọ̀ dúró kí àwọn tí ń kà á kúrò kí ó tó lè fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kà á pẹ̀lú yóò sì dúró de òun náà. Ipò WAL (Write-Ahead Logging, níbi tí a ti ń kọ àyípadà sínú fáìlì ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó wọ inú dátábéèsì gan-an), tí ó dé pẹ̀lú ẹ̀dà 3.7.0 ní ọdún 2010, mú ìdíwọ́ àárín ẹni tí ń kà àti ẹni tí ń kọ kúrò, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí ń kọ di méjì. Bí gbogbo ètò yín bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ẹ bọ́ sí WAL kí ẹ tó ka ohun tí ó kù; `PRAGMA journal_mode=WAL` lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti tó, nítorí inú fáìlì ni ó ń dúró sí. Bí fáìlì náà bá wà lórí dísíkì tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ń pín lò lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, WAL kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ ronú sí ìsọ̀ ẹni tí ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Ẹ̀rọ kan ni ó wà, abọ́ ata sì pọ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó gbé abọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ tí ó dúró tì í ni ẹni tí ń dúró. Ẹni tí ó gbé abọ́ rẹ̀ padà lọ sílé tí ó ní òun ń bọ̀ ni ẹni tí ń tún un gbìyànjú. Ṣùgbọ́n SQLite fi ohun kan burú ju ìsọ̀ ọlọ́ta lọ: kò sẹ́ni tí ń to abọ́ tẹ̀ léra níbẹ̀. Ẹni tí ó bá yọjú ní àkókò tí ẹ̀rọ ṣófo gan-an ni yóò da ata tirẹ̀ sí i, ìbáà jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Dídúró láti inú SQLite fúnra rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún SQLite pé kí ó dúró, kì í dúró rárá. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò dá 5 padà. Python ni ó máa ń bá wa sọ fún un pé kí ó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, ẹ sì lè yí i padà báyìí: `sqlite3.connect("oja.db", timeout=30)`. Láàárín àkókò yẹn, SQLite kì í ranjú mọ́ fáìlì náà láìsinmi. Yóò sùn fún mílísẹ́kọ́ǹdù 1, yóò yọjú wò ó. Yóò sùn fún 2, lẹ́yìn náà 5, 10, 15, 20, ó di 25 lẹ́ẹ̀mẹta, 50 lẹ́ẹ̀mejì, láti ibẹ̀ ó di 100 ní gbogbo ìgbà títí àkókò yóò fi pé. Ẹni tí ó bá ti dúró pẹ́ ń yọjú ní ìgbà bíi mẹ́wàá péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń yọjú léraléra. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí iṣẹ́ bá pọ̀ gan-an, ẹni tí ó ti dúró pẹ́ jù lè jẹ́ ẹni tí yóò pàdánù.

Èdè kọ̀ọ̀kan ní ìṣe tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. DBD::SQLite ti Perl ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. `busyTimeout` nínú kíláàsì SQLite3 ti PHP, àti `timeout` ti Tcl, mílísẹ́kọ́ǹdù ni wọ́n ń kà, nígbà tí Python ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tí ó bá ti PHP bọ̀ tí ó kọ `timeout=5000` sínú Python ti ní kí ètò rẹ̀ dúró fún wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 23. Kò ní rí àṣìṣe kankan. Ohun tí yóò rí ni ètò tí ó dákẹ́ bí ẹni tí ó kú.

Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé ibi tí iṣẹ́ dúró sí ni yóò ti máa bá a lọ: ẹ kò tún nǹkan kan kà, ẹ kò tún nǹkan kan ṣírò, ẹ kò sì kọ kóòdù kankan. Àbùkù rẹ̀ ni pé thread (ẹ̀ka iṣẹ́ kan nínú ètò) tí ó ń dúró kò lè ṣe ohun mìíràn. Python máa ń jẹ́ kí àwọn thread yòókù ṣiṣẹ́ lọ lásìkò náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lo asyncio (ọ̀nà tí Python ń gbà fi thread kan ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀) tí ẹ sì pe SQLite tààrà láti inú rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ni yóò dúró. Ẹ rántí pẹ̀lú pé orí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ ìdúró yìí ń wà. Bí ẹ bá ṣí ìsopọ̀ tuntun, ẹ gbọ́dọ̀ tún un sọ.

Ibi tí dídúró kò ti lè gbà yín

Ẹ lè ti gbọ́ ẹni tí ó ń ráhùn pé òun fi ìṣẹ́jú-àáyá 60 sí i, síbẹ̀ àṣìṣe náà ń yọ lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni ó ń sọ, SQLite kò sì ṣàìgbọràn. Bí transaction kan (àkójọ iṣẹ́ tí gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ yege pọ̀ tàbí kí gbogbo rẹ̀ di asán) bá fi kíkà bẹ̀rẹ̀, tí ó wá fẹ́ kọ nǹkan láàárín iṣẹ́, ohun méjì ni ó lè bá pàdé. Ní ipò àtijọ́, ẹlòmíràn lè ti gba àyè ìkọ̀wé, kí ó máa retí pé kí àwọn tí ń kà á kúrò, kí ẹ̀yin náà sì wà lára àwọn tí ń kà á. Òun ń dúró dè yín, ẹ̀yin náà fẹ́ dúró dè é. SQLite mọ̀ pé irú ìdúró bẹ́ẹ̀ kò lè parí láé, kò sì ní dúró ní ìṣẹ́jú kankan. Nínú WAL, ẹlòmíràn lè ti kọ nǹkan tuntun lẹ́yìn tí ẹ ti kà á, ohun tí ẹ kà sì ti di ti àná. Nọ́ńbà àṣìṣe ti ìgbà yìí ni 517, orúkọ rẹ̀ sì ni SQLITE_BUSY_SNAPSHOT. Ẹ lè dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ohun tí ẹ kà kò ní di tuntun. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ROLLBACK (ìyẹn ni pé kí ẹ fagi lé ohun tí transaction náà ti ṣe), kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kíkà.

Ohun tí ó máa ń dènà méjèèjì ni `BEGIN IMMEDIATE`, tí ó ń béèrè àyè ìkọ̀wé láti ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó ka ohunkóhun. Bí ìdúró yóò bá wà, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti wà, níbi tí timeout ti wúlò tí ẹ kò sì tíì ní nǹkan tí ẹ lè pàdánù. Ẹ má ṣe lò ó fún iṣẹ́ tí ó jẹ́ kíkà nìkan, nítorí ẹ ó kàn máa gba àyè tí ẹ kò nílò ni.

Ọ̀fìn kan wà níhìn-ín tí Python gbẹ́ sílẹ̀ fún wa. Bí ẹ bá kọ `isolation_level="IMMEDIATE"` nígbà tí ẹ ń ṣí ìsopọ̀, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n INSERT, UPDATE, DELETE àti REPLACE nìkan ni Python ń bá wa ṣe BEGIN fún; kì í ṣe é fún SELECT, tí ó jẹ́ àṣẹ kíkà. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ kí ẹ kà, kí ẹ ṣírò, kí ẹ wá kọ, ìta ni kíkà yín wà. Èyí máa ń dín 517 kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fà yín lé ohun tí ó burú jù ú lọ́wọ́, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an.

Lúùpù tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ

Mo kọ ètò fún ìsọ̀ oògùn kan nígbà kan. Ètò méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan: ọ̀kan fún àwọn tí ó wá rajà lójú ìsọ̀, èkejì fún àwọn tí ó fi fóònù ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta máa ń yọjú nírọ̀lẹ́ láti tún iye owó ọjà ṣe. Nígbà tí `database is locked` bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, mo kọ lúùpù yí UPDATE nìkan ká. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, páálí oògùn ibà 12 ni ó wà lórí pẹpẹ. Ètò àkọ́kọ́ ka 12, ó ta 3, ó ṣírò 9, ó fẹ́ kọ ọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ń yí nínú lúùpù. Ètò kejì náà ka 12, ó ta 2, ó ṣírò 10, òun ni ó sì kọ́kọ́ rí àyè kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni lúùpù ti àkọ́kọ́ wá yege, ó sì fi 9 bo 10 mọ́lẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan nínú àkọsílẹ̀. Ìyá tí ó ni ìsọ̀ náà ka ohun tí ó wà lórí pẹpẹ, wọ́n ní, "Ẹ̀rọ rẹ ní mẹ́sàn-án, ọwọ́ mi ní méje." Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi ẹ̀sùn olè kan ọmọbìnrin tí ń bá wọn tajà.

Lúùpù mi tún ìkọ̀wé ṣe, kò tún ìkàwé ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé `SET iye = iye - 3` ni mo kọ, tí mo jẹ́ kí SQLite fúnra rẹ̀ yọ ọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ náà ìbá má ṣẹlẹ̀; èyí ni ó dára jù níbikíbi tí ó bá ṣeé ṣe. Níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe, odindi transaction ni kí lúùpù máa tún ṣe, láti BEGIN tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé COMMIT tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èyí tí mo ń lò báyìí rèé, lórí ìsopọ̀ tí mo ṣí pẹ̀lú `isolation_level=None`, kí Python má baà bá mi dá sí ọ̀rọ̀ BEGIN:

```python
def gbiyanju(con, ise, igba=6):
    for i in range(igba):
        try:
            con.execute("BEGIN IMMEDIATE")
            esi = ise(con)
            con.execute("COMMIT")
            return esi
        except Exception as e:
            if con.in_transaction:
                con.execute("ROLLBACK")
            koodu = getattr(e, "sqlite_errorcode", 0)
            if koodu & 0xFF != sqlite3.SQLITE_BUSY or i == igba - 1:
                raise
            time.sleep(random.uniform(0, 0.05 * 2 ** i))
```

Àwọn ìlà kan nínú rẹ̀ yẹ ní àlàyé. `OperationalError` kì í ṣe orúkọ ọwọ́-dídí nìkan. Tábìlì tí kò sí, dísíkì tí ó bàjẹ́ àti fáìlì tí kò ṣeé ṣí, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà, títún wọn ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà kò sì lè wo wọ́n sàn. Nítorí náà ni mo ṣe ń wo nọ́ńbà, mo sì fi `& 0xFF` gé ìrù rẹ̀ kúrò kí 517 náà lè di 5. Láti Python 3.11 ni nọ́ńbà yìí ti wà lára àṣìṣe. Nínú ẹ̀dà tí ó ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà ni ẹ ó máa kà, kí ẹ sì ṣọ́ra, nítorí pé `database table is locked` yàtọ̀. SQLITE_LOCKED, nọ́ńbà 6, ni ìyẹn. Ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ẹ̀yin fúnra yín, lórí ìsopọ̀ yín kan náà, ni ẹ ń dí ara yín lọ́wọ́, timeout kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

`random.uniform` kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ètò méjì bá kọlu ara wọn, tí àwọn méjèèjì sì sùn fún àkókò kan náà, wọ́n á jí pọ̀, wọ́n á tún kọlu ara wọn. Ẹ ṣọ́ ìṣirò àkókò pẹ̀lú: bí timeout bá jẹ́ 5, tí ìgbà bá jẹ́ 6, ètò yín lè dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 àti díẹ̀ kí ó tó gbà pé kò ṣeé ṣe, ẹni tí ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ pé lúùpù wà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi ohun tí kò ṣeé dá padà sínú `ise`. ROLLBACK kò lè pe àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ ti fi ránṣẹ́ sí oníbàárà padà, lúùpù yóò sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí i.

Kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀

Láíbúrárì tenacity lè gba iṣẹ́ lúùpù yìí lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ti ń lò ó fún nǹkan mìíràn, ẹ lò ó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìlà mẹ́rìnlá òkè yìí kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ fi láíbúrárì kún iṣẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé `@retry` rẹ̀ ní ìhòòhò, láìfi nǹkan kan sí i, yóò máa tún gbogbo àṣìṣe ṣe láìsinmi títí láé.

APSW, láíbúrárì mìíràn tí ń so Python mọ́ SQLite, wà fún ẹni tí ó fẹ́ pinnu fúnra rẹ̀ bí ìdúró inú SQLite yóò ti rí. Ó ń jẹ́ kí ẹ kọ fọ́ńṣọ̀n tí SQLite yóò máa pè nígbàkigbà tí ọwọ́ bá dí, tí yóò sọ iye ìgbà tí ó ti pè é, tí ẹ ó sì dáhùn bóyá kí ó máa dúró tàbí kí ó jáwọ́. `sqlite3` tí ó bá Python wá kò ní irú rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ẹ lè lò ó pọ̀ mọ́ timeout: bí ẹ bá ti fi ọ̀kan sí i, èkejì ti kúrò.

Ẹyọ kan ṣoṣo tí ń kọ

Bí ó bá jẹ́ pé inú ètò kan ni gbogbo ìkọ̀wé ti ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé thread rẹ̀ pọ̀, ọ̀nà tí ó mọ́ jù ni kí thread kan ṣoṣo máa kọ, kí àwọn yòókù máa kó iṣẹ́ wọn sínú `queue.Queue` fún un. Níbí ni ìlà tí kò sí ní ìsọ̀ ọlọ́ta ti wá wà: ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni a óò kọ́kọ́ dá lóhùn. Kò wúlò bí ètò bá ju ọ̀kan lọ. Fún àwọn iṣẹ́ cron (iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a yàn) tí gbogbo wọn ń jí lórí wákàtí, ẹ fi àṣẹ `flock` ti Linux dè wọ́n kí wọ́n tẹ̀ léra, tàbí kí ẹ kàn tú ìṣẹ́jú tí wọ́n ń jí sí ká.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ètò kékeré tí ẹnì kan ń lò kò nílò ju WAL àti timeout lọ. Ẹni tí ó bá kọ lúùpù fún irú rẹ̀ ń fi ọ̀bẹ pa eṣinṣin. Níbi tí ètò méjì tàbí mẹ́ta bá ti ń kọ, ẹ fi `BEGIN IMMEDIATE` kún un ní gbogbo ibi tí kíkà bá ti ṣáájú kíkọ. Lúùpù ni kí ó kẹ́yìn, fún ìgbà tí timeout bá tán lóòótọ́, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá yí, nítorí lúùpù tí ń dákẹ́ yí ń fi àìsàn pamọ́ ni. Bí àwọn tí ń kọ bá pọ̀ débi pé lúùpù ń yí ní gbogbo ìgbà, ó ti tó àkókò láti lọ sí PostgreSQL, ṣùgbọ́n ẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ àtúngbìyànjú níbẹ̀ náà: àṣìṣe 40001 (transaction tí ó forí gbárí pẹ̀lú òmíràn) àti 40P01 (àwọn transaction tí ń dúró de ara wọn) rẹ̀ pẹ̀lú ń béèrè pé kí ẹ tún odindi transaction ṣe.

Ní ti ìsọ̀ oògùn yẹn, mo ní kí ètò kọ̀ọ̀kan máa kọ iye àkókò tí ó fi gba àyè ìkọ̀wé àti iye tí ó fi dì í mú. Ètò iye owó ni ọ̀daràn. BEGIN ni ó kọ́kọ́ ń ṣe, lẹ́yìn náà ni ó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti gba iye owó ọjà kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa kọ ọ́ ní ẹyọ ẹyọ. Ní ìrọ̀lẹ́ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò bá dára, ó ń di àyè ìkọ̀wé mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40. Mo gbé íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú BEGIN, àkókò tí ó ń dì í mú sì wálẹ̀ sí mílísẹ́kọ́ǹdù díẹ̀. Lúùpù náà ṣì wà nínú kóòdù. Nínú oṣù tí ó tẹ̀ lé e, kò kọ ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀.